Ẹ Má Ṣe Hú Kùkùté Igi Inú Oko Yín

Bí ẹ bá gba àárín oko jéró àti ọkà bàbà kọjá ní apá Àríwá orílẹ̀-èdè wa lásìkò òjò, ẹ lè rí igi kan tí kò léwé lórí, nígbà tí àwọn igi yòókù ń tutù yọ̀yọ̀. Ẹ má rò pé ó ti kú. Gáwò ni àwọn Hausa ń pè é. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń rúwé, ìgbà òjò ni ó sì ń wọ́wé.

Kí ni àǹfààní èyí fún àgbẹ̀? Lọ́nà kìíní, igi náà kì í ṣíji bo ohun ọ̀gbìn nígbà tí ó nílò oòrùn. Lọ́nà kejì, ewé rẹ̀ a jẹrà, a sì di ajílẹ̀ nígbà tí irúgbìn ń wá oúnjẹ. Lọ́nà kẹta, àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú kókó gbòǹgbò rẹ̀ a máa gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí a ń fowó rà nínú àpò ajílẹ̀ òyìnbó.

Ẹ wo agbègbè Maradi ní ilẹ̀ Niger, tí ó bá Katsina pààlà. Wọ́n gbin igi títí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kú. Ní nǹkan bí ọdún 1983, Tony Rinaudo, ọmọ ilẹ̀ Australia, kíyè sí i pé kùkùté igi àtijọ́ tí gbòǹgbò wọn ṣì yè ni àwọn igbó kéékèèké inú oko. Òun àti àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀mùnú tí ó dára sí, wọ́n sì ń gé ìyókù. Lónìí, ilẹ̀ tí igi ti padà sí ní Niger lé ní mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Ní ọdún 2018, Rinaudo gba ẹ̀bùn Right Livelihood.

Àmọ́, kì í ṣe gbogbo igi ni ó rí bíi gáwò. Ní IITA, Ìbàdàn, wọ́n dán an wò láti gbin àgbàdo sáàárín ọ̀wọ́ igi bíi agunmániyè. Ewé rẹ̀ tọ́jú ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá tètè gé ẹ̀ka rẹ̀, yóò bá àgbàdo du omi àti oòrùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹléèédú, ẹ rò ó dáadáa. Owó igi a tán kíákíá. Ilẹ̀ tí ó ṣá kì í tètè padà bọ̀ sípò. Ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ bàbá, ọmọ ni a ó fi í lé lọ́wọ́.