Ẹ̀kọ́ Àjùmọ̀ṣe Láàárín Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ ìlera rí. Bí obìnrin bá bímọ tán, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdá, agbẹ̀bí ni yóò kọ́kọ́ rí i. Nọ́ọ̀sì ni yóò fa omi sí i lára. Ọ̀dọ̀ apòògùn ni oògùn wà. Òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni yóò wá ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ mu. Dókítà ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ bí ó bá di dandan. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, ẹ̀mí ìyá ọmọ lè bọ́ láàárín wákàtí díẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti ń kọ́ wọn láti ìgbà pípẹ́ wá. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi tẹ ìwé ìlànà kan jáde ní 2010, pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìlera máa kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ lọ́dọ̀ ara wọn. Yunifásítì Linköping ní ilẹ̀ Sweden ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí láti 1986. Ní 1996, wọ́n ya wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oríṣiríṣi iṣẹ́ fi jọ ń tọ́jú aláìsàn lójú àwọn olùkọ́ wọn.

Lóde òní, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń pa pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni ti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń ka àmì àìsàn, ìwọ̀n oògùn àti ohun tí iṣẹ́ ẹnìkejì jẹ́, ní àkókò tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èyí wúlò, nítorí àkókò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í sábà bá ti dókítà mu.

Ọ̀nà kejì ni ìpàdé ojúkojú. Gbogbo wọn á péjọ, wọn á fi ọmọlangidi ṣe ìdánrawò bí ẹni pé aláìsàn gidi ni. Olórí á dárúkọ ẹni tí ó ń rán níṣẹ́. Ẹni náà á tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí ó tó ṣe é, á sì jábọ̀ bí ó bá ṣe é tán. Lẹ́yìn náà, wọn á jókòó yẹ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó wò, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Níbẹ̀ pẹ̀lú ni a ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì kékeré láti sọ̀rọ̀ bí ó bá rí i pé dókítà fẹ́ ṣi oògùn lò, tí a sì ń kọ́ dókítà láti fetí sí i. Kò rọrùn fún ọmọdé láti já àgbà ní koro, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò. Kọ̀ǹpútà nìkan kò lè kọ́ni ní èyí. Àjọṣe ni í kọ́ni.