Fóònù Inú Ilé Lè Di Wàláà fún Àwọn Ọmọ Wa

 



Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni mo fẹ́ bá wa sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé àṣẹ ìwé kíkà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa (S.A.W.) nínú ihò Hira. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ibi tí à ń rí ìwé kà ló yí padà. Láyé àtijọ́, ní Ìwó níbí, wàláà àti tàdáà ni ọmọ kéú fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó hàn sí wa pé kíláàsì àti pátákó dúdú kò ba kéú jẹ́. Lónìí, ó ti kan fóònù.

Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé tí kò ní ìwé, ọmọ ibẹ̀ jókòó lásán ni. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, fóònù wà níbẹ̀.

1. Kí ló wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Èkíní ni African Storybook, tí àjọ Saide ní ilẹ̀ South Africa gbé jáde ní 2014. Ìwé ìtàn aláwòrán ló kún ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Wọ́n pín in ní ìpele-ìpele, láti orí èyí tí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì wà lójú ewé, títí dé èyí tí àgbà yóò kà sí ọmọ létí. Èkejì ni StoryWeaver, tí Pratham Books ti ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Àwọn tó ni ìwé wọ̀nyí ti yọ̀ǹda pé kí ẹnikẹ́ni gbà á, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì pín in láì san kọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹnì kan ò lè sọ pé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn là ń jẹ.

Ẹ̀kẹta ni Nigeria Learning Passport, tí ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF ṣí ní 2022. Ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé wa ń kọ́ ló wà níbẹ̀. Fún ìṣirò, Khan Academy wà, èyí tí Salman Khan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀. Ní ti Kùránì, ẹ wo Quran.com. Ẹ ó rí Lárúbáwá rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń kà á, ìtumọ̀ Yorùbá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

2. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá ṣáájú

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa fẹ́ kí ti Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú. Èmi ní kí ti Yorùbá ṣáájú. Ìdí rẹ̀ rèé. Bí ọmọ bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ìyá tí kò kàwé ò lè mọ̀ bóyá ó ń kà á ni tàbí ohun tó há sórí ló ń pè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka Yorùbá sókè, etí ìyá á gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá pe ọkọ́ ní ọkọ̀, ìyá á ní, "Rárá o, tún un kà." Láì náwó, olùkọ́ ti dé inú ilé nìyẹn.

Ọmọ kéú tilẹ̀ ti mọ ọ̀nà yìí. Bí fat'ha, kasra àti damma ti ń sọ fún un bí yóò ṣe pe Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn ń sọ fún un bí yóò ṣe pe Yorùbá.

Ẹ má sì rò pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, Mùsùlùmí bíi tiwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Ohun tí ilé-ìwé bá fi sílẹ̀, ilé ló máa gbé e.

3. Ìnáwó àti ewu

Ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí á gba ìwé náà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kí á pa dátà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti rí irú èyí rí. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba gbé jáde ní 2013 kó ìwé sínú láì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni wọ́n ṣe é fún, kò kan àwọn ọmọ kékeré. Àwa fúnra wa lè ṣe ti àwọn ọmọ kékeré. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì. Kí wọ́n gba ogún ìwé ìtàn sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n sì tẹ díẹ̀ sórí bébà fún ilé tí kò ní fóònù ńlá.

Àwọn àlùfáà kan ní fóònù yóò ba ọmọ jẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ibi tí ìwé wà náà ni ìranù wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á ronú síwájú. Wàláà kò dá kọ́ ọmọ kankan rí. Àlùfáà ló jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù. Kí ó wà lọ́wọ́ àgbà, kí dátà wà ní pípa, kí ọmọ jókòó tì wá fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kí ó kà á sókè. Bí ó bá parí, kí á bi í pé, "Kí ni ìtàn náà sọ?" Bí ó bá lè dáhùn, ó ti kàwé nìyẹn. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó tún un kà.

Àmáánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa, Ọlọ́hun yóò sì bi wá léèrè. Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí ilé wa di ilé ìwé kíkà. Àmín.