Omi ni Ẹ̀mí Ẹ́ńjìnì: Ìlò àti Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnì Bẹntiróòlù Ọkọ̀ Ojú Omi Láìsí Ewu

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ òtítọ́ fún ènìyàn, ẹranko àti ewéko, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ fún ẹ́ńjìnì kékeré tí a máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì àti káàkiri ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Epo bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnì yìí ń jó, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà tàbí odò tí ó ń gbà kọjá ni ó ń fà sínú láti fi pa ooru ara rẹ̀. Bí omi bá kọ̀ láti gòkè wọ inú rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù fún ẹ́ńjìnì náà, ọkọ̀ yóò sì di ohun tí ìgbì ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ti olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà létí ọ̀sà àti ní erékùṣù tí kò sí ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀ ju ojú omi lọ. Mo rántí ọjọ́ kan tí èmi pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ mi méjì wọ ọkọ̀ lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan lódìkejì ọ̀sà. Nígbà tí a dé àárín omi, mo ṣàkíyèsí pé omi tín-ín-rín tí ó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí a gbéra kò tú mọ́. Mo pe awakọ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba afẹ́fẹ́ kan, ẹ́ńjìnì han gooro, ó sì gan. Wákàtí méjì gbáko ni a fi léfòó kí apẹja kan tó wá fà wá dé èbúté. Nínú àwa mọ́kànlá tí a wà nínú ọkọ̀ náà, ènìyàn mẹ́rin péré ni ó wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà. Èmi kò sí lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè, ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan ṣoṣo ni a bá tí ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà wọlé.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi yé wa ni ìdí tí ọ̀rá kan ṣoṣo fi lè dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ lè ṣe kí ó má baà ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ooru ti ń wá

Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ ni ó ń pò pọ̀, tí písítìnì ń fún wọn mọ́ra, kí iná púlọ́ọ̀gì tó ràn wọ́n. Iná tí ó bú gbàmù yìí máa ń gbóná ju 2,000°C lọ. Bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù ni a fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara ẹ́ńjìnì yìí, alumíníọ̀mù sì ń yọ́ ní 660°C. Báwo ni ohun tí ń yọ́ ní 660 ṣe ń gbé iná tó ju 2,000 mọ́ra? Èkíní ni pé iná náà kì í pẹ́: ó ń ṣẹ́jú ni. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé omi ń gba ẹ̀yìn irin náà kọjá láìdúró, ó sì ń gbé ooru lọ bí ó ṣe ń dé. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo tí a rà, bóyá ni ìdá kan nínú mẹ́rin ń dé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti ọkọ̀ síwájú. Ìyókù di ooru. Èéfín gbé apá kan lọ, omi gbé apá kejì.

Bí omi bá dá, písítìnì yóò wú nínú ihò rẹ̀, ọ́ọ̀lì tó wà láàárín irin àti irin yóò jó tán, wọn yóò sì máa ha ara wọn títí wọn yóò fi lẹ̀ pọ̀. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kí ẹ́ńjìnì gan.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ kan hàn níhìn-ín. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀ àti nínú jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ó ní rédíétọ̀, omi kan náà ni ó ń yí po. Omi yìí wà nínú ìhámọ́ tó le, nítorí náà ó lè kọjá 100°C kí ó má sì hó. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná ti tú ìhámọ́ náà sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni omi náà yóò hó, tí yóò sì tú sí i lójú. Kí a jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kò ní rédíétọ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀sà gan-an ni rédíétọ̀ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé omi tútù kì í wọ́n ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí ó bá wà nínú ọ̀sà, ìbáà ṣe iyanrìn, iyọ̀, ewé tàbí ọ̀rá, lè bá omi wọlé.

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, nítòsí abẹ̀bẹ̀ irin, ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà wọlé wà. Lókè wọn ni pọ́ǹpù wà, nínú èyí tí àgbá kékeré oníwéwé rọ́bà kan ń yí. Ewé rọ́bà wọ̀nyí ni ó ń ti omi gòkè yí ara ẹ́ńjìnì ká, kí omi náà tó bá èéfín sọ̀ kalẹ̀ padà sínú ọ̀sà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń tú jáde láti ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. A ó máa pe ihò yìí ní ihò ẹlẹ́rìí, nítorí òun nìkan ni ó ń jẹ́rìí sí ohun tí ojú kò lè rí nínú. Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ rẹ̀ a máa bojú wẹ̀yìn wò ó léraléra. Èrò ọkọ̀ náà lè wò ó. Kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ jókòó kí ó máa wo iwájú nìkan.

Bí omi ihò ẹlẹ́rìí bá ń tú dáadáa tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò séwu. Bí ó bá di ooru tí ń rú, tàbí tí ó dá, kí a pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a yọ okùn ìpaná rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án lójijì, kí a gbé ìdí rẹ̀ sókè, kí a sì wo ẹnu ihò ìsàlẹ̀. Ọ̀rá àti ewéko ni a sábà ń bá níbẹ̀, pàápàá ewéko olódòdó àlùkò tí ń léfòó lórí omi, èyí tí ó gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ omi Nàìjíríà ní 1984. Nígbà mìíràn, ihò ẹlẹ́rìí gan-an ni iyanrìn dí. Wáyà tín-ín-rín ni a fi ń là á. Lẹ́yìn èyí, kí a tún un tàn. Bí omi kò bá tú láàárín ìṣẹ́jú kan, àjẹ̀ ló kù. Kí a má ṣe da omi tútù lé ẹ́ńjìnì tó ti gbóná jù lórí, nítorí irin gbígbóná tí ó bá tutù lójijì lè là tàbí kí ó tẹ̀.

Omi tí rọ́bà pọ́ǹpù ń tì ni ó tún ń mú kí ó yọ̀. Bí kò bá sí omi, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí bà á jẹ́. Títan ẹ́ńjìnì sórí ilẹ̀ gbígbẹ, "kí a kàn gbọ́ ohùn rẹ̀," jẹ́ àṣà burúkú. Dúrọ́ọ̀mù tí omi kún dáadáa kọjá ẹnu ihò ìsàlẹ̀ ni a ń gbé e sí. Kí a kọ́kọ́ yọ abẹ̀bẹ̀ irin kúrò, kí ó sì jẹ́ ìta gbangba, nítorí èéfín bẹntiróòlù ní gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ń pa ènìyàn nínú ilé tí a tì.

Epo àti ọ́ọ̀lì

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí ń ṣiṣẹ́ lórí omi wa, bí i Yamaha alágbára ẹṣin 40, jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ọ̀lì mọ́ epo rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn ni epo 50 sí ọ́ọ̀lì 1. Ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gba ọ́ọ̀lì ìlàjì lítà. Ẹ́ńjìnì titun a máa gba ìlọ́po méjì èyí ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Láti oṣù Èbìbí 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, ni àwọn awakọ̀ kan ti ń dín ọ́ọ̀lì kù kí ìnáwó lè fúyẹ́. Ní èrò tiwa, kò sí ìfowópamọ́ níbẹ̀, nítorí iye owó ẹ́ńjìnì kan kì í ṣe ẹgbẹ́ iye owó ọ́ọ̀lì. Ọ́ọ̀lì alùpùpù tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù kò sì lè rọ́pò èyí tí a kọ TC-W3 sí lára, tí ó wà fún ẹ́ńjìnì ojú omi. Àwọn ẹ́ńjìnì ìgbàlódé tí wọ́n ní àpò ọ́ọ̀lì ti ara wọn ńkọ́? Ìwọ̀nyí kò fẹ́ kí a po ọ́ọ̀lì mọ́ epo wọn rárá.

Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń lọ gọ sí. Kí a gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ilẹ̀ láti bu epo sí i, kí ẹ́ńjìnì ti kú, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí. Bí imú bá ń gbọ́ òórùn epo nínú ọkọ̀, kí a má tíì tan ẹ́ńjìnì.

Okùn ìpaná àti ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà

Okùn pupa kan wà tí ó yẹ kí ó so mọ́ ọwọ́ awakọ̀. Bí awakọ̀ bá ṣubú sómi, okùn náà yóò já kúrò lára ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì yóò sì kú. Láìsí i, ọkọ̀ tí kò lẹ́ni lè máa yí po lórí ẹni tó wà nínú omi, abẹ̀bẹ̀ irin náà yóò sì ṣe é bí àdá. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti so okùn yìí mọ́ ẹ́ńjìnì gbọnin-gbọnin, wọ́n ní ó ń dí wọn lọ́wọ́. Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1997, àti LASWA ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, ń tẹnu mọ́ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ìrìn òru lórí omi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa má ṣe dúró de ẹni tí yóò fi ipá wọ̀ ọ́ fún un.

Ìtọ́jú

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọ ọ̀sà Èkó, omi rẹ̀ a sì níyọ̀. Ní ìgbà òjò, omi odò a lé iyọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n a gbé ẹrẹ̀ àti pàǹtí dé. Ẹ́ńjìnì tí ó bá ti mu omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ mu omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó gbé e jókòó, nítorí iyọ̀ tí ó bá gbẹ sínú ni ó ń dí ọ̀nà omi.

Kí a máa yẹ rọ́bà pọ́ǹpù wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ti ọkọ̀ akérò gbọ́dọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ọ̀lì inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, ní bí ọgọ́rùn-ún wákàtí iṣẹ́, ni a ń pààrọ̀. Bí ó bá jáde ní funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Púlọ́ọ̀gì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ: bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí i kòkó gbígbẹ, ara ẹ́ńjìnì le, bí ó bá dúdú tí ó sì tutù, ọ́ọ̀lì ti pọ̀ jù, bí ó bá funfun, ooru ń pa ẹ́ńjìnì náà lọ. Àwọn mẹkáníìkì kan a máa yọ tẹmọ́sítáàtì dànù pé òun ló ń dá ooru sílẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Ẹ́ńjìnì tí ó tutù jù kì í jó epo rẹ̀ tán, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ a sì máa dọ̀tí kíákíá.

Nínú kíláàsì

Olùkọ́ kò nílò ẹ́ńjìnì láti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó wá àbẹ́là kan àti fèrè méjì, irú èyí tí ọmọdé ń fẹ́ ní ọdún. Kí ó fẹ́ atẹ́gùn nìkan sí ọ̀kan, kí ó bu omi díẹ̀ sínú èkejì kí ó tó fẹ́ ẹ. Èyí tí kò lómi yóò bẹ́ bí iná bá ti kàn án. Èyí tó lómi yóò dúró lórí iná náà fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ibi tí omi wà gan-an ni iná ń kàn, nítorí omi ń gba ooru kúrò lára rọ́bà. Lẹ́yìn náà, kí ó kó wọn lọ sí èbúté ní àsìkò tí ọkọ̀ ń gbéra, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì tọ́ka sí ihò ẹlẹ́rìí lára ẹ́ńjìnì tí wọn yóò bá padà sílé.