Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń mú ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún rù?

Ṣé wọn kì í fún un lóúnjẹ ni? Rárá o.

1. Oògùn líle tí wọ́n ń fún un kí wọ́n tó fi sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn tuntun sí i lára sábà máa ń bó ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Omi lásán á máa ta á lẹ́nu. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Ẹran dídín gan-an lè máa rùn bí irin.

2. Ẹ má fi tipátipá bọ́ ọ. Ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin tó jinná dáadáa, díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, dókítà lè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ dé ikùn.

3. Tó bá ṣàdédé sanra? Ẹ má tíì yọ̀: omi tó kóra jọ sí i lára tàbí oògùn steroid lè fà á.

Àgbo ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà!

Ẹ pín in fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.