Ẹ̀rín Dùn Jù Láàárín Ẹgbẹ́

 Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yìí, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ohun tí wọ́n rí kan ẹgbẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹni tó mú kí ọ̀rọ̀ náà di gbajúmọ̀ ni Norman Cousins, olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1964, àìsàn oríkèé-ríro dá a dùbúlẹ̀, oorun sì di ọ̀wọ́n. Ló bá ń wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá rẹ́rìn-ín takìtì fún ìṣẹ́jú 10, òun á sun oorun wákàtí 2 láìmọ ìrora. Ara rẹ̀ yá, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé àwọn dókítà ní ọdún 1976. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná! Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì ń gba fítámì C púpọ̀ pẹ̀lú. Ta ló lè búra pé ẹ̀rín ló wò ó?

Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi dán an wò. Ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìrora díẹ̀ dán àwọn èèyàn wò kí wọ́n tó wo fíìmù àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé èsì náà jáde ní 2011: àwọn tó rẹ́rìn-ín dáadáa lè fara da ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2017, ní ìlú Turku ní Finland, wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán ọpọlọ ọkùnrin 12 tí wọ́n ti bá ọ̀rẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí i pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń tú ohun kan jáde tó ń pa ìrora, tó sì ń tuni lára.

Èwo wá ni tiwa níbẹ̀? Robert Provine, onímọ̀ kan ní Maryland ní Amẹ́ríkà, dẹtí sí ẹ̀rín 1,200 láwùjọ. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún tó tẹ̀lé àwàdà. Ọ̀rọ̀ ìkíni àti ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ jù! Ó tún rí i pé a máa ń rẹ́rìn-ín nígbà 30 láàárín èèyàn fún ẹ̀ẹ̀kan tí a bá dá wà. Ẹ ò rí i pé ẹni kejì ló ń fa ẹ̀rín, kì í ṣe àpárá.

Nítorí náà, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wà lórí àìsàn, ká má fi owó ìrànwọ́ nìkan ránṣẹ́. Ká lọ jókòó tì í, ká bá a tàkúrọ̀sọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹ rọra o, kí ojú ọgbẹ́ má baà dùn ún! Ẹni tí ẹ̀yáwó rẹ̀ sì pẹ́, ẹ má fi ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀rín ẹlẹ́yà a máa lé èèyàn kúrò láwùjọ.

Ẹ̀rín kò sì rọ́pò dókítà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kó lo oògùn rẹ̀ déédéé. Lẹ́yìn náà, kó wá sí ìpàdé, ká jọ rín in.