Oyè Ọ̀mọ̀wé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Èdè Ìwádìí

Ìwádìí tuntun ni a fi ń gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìbáà ṣe nínú ọgbà yunifásítì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà tún NOUN gbé dìde ní 2002. Côte d'Ivoire dá UVCI, yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, sílẹ̀ ní 2015. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó níbikíbi, ó yẹ kí ó wádìí bóyá CAMES, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1968, fọwọ́ sí oyè náà.

Ètò ìwífún ni àjọṣe ènìyàn, ẹ̀rọ àti ìlànà láti kó ìròyìn jọ, láti tọ́jú rẹ̀ àti láti lò ó. Ìwé gbèsè ìyá ọlọ́jà pàápàá jẹ́ ètò ìwífún.

Bí ọmọ Yorùbá kan ní Koumassi Remblais, ní Abidjan, bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò tí ó ti Ẹjìgbò wá ni yóò bi léèrè. Yorùbá ni wọn yóò fi dáhùn. Faransé ni yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Àwìn, ẹ̀yáwó àti ẹ̀jẹ́ owó èsúsú kì í ṣe ohun kan náà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé gbogbo wọn mì nínú ìtumọ̀. Bí ìtumọ̀ bá wọ́, àbájáde ìwádìí yóò wọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè nìyí: kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.