Àdéhùn Olóko àti Alágbàṣe

Pèrègún kì í ga bí ìrókò, bẹ́ẹ̀ ni kì í so èso tí a ń jẹ. Síbẹ̀ àwọn baba a máa gbìn ín sí ààlà oko, nítorí pé kì í tètè kú, gbogbo ojú sì ń rí i. Níbi tí ó bá wà, àgbẹ̀ méjì lè máa ro oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ogún ọdún láìjà. Iṣẹ́ pẹ̀lú ní ààlà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ní in. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóko a gbin ààlà ilẹ̀, wọn a sì fi ààlà iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbìn.

Ẹ wo bí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú oko kòkó. Alágbàṣe ọlọ́dún gba iṣẹ́. A ní kí ó máa ro oko, kí ó máa ká kòkó, kí ó sì gba owó rẹ̀ nígbà tí a bá ta kòkó tán. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, a ti ń rán an lọ pọn omi sí ilé, a ní kí ó lọ bá àna olóko kọ ebè, a tún ní kí ó wá ru amọ̀ ilé. Kò kọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù kí a má baà pe òun ní aláfojúdi. Olóko pẹ̀lú kò béèrè, nítorí ó rò pé inú rẹ̀ dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń kó jọ sí ikùn títí di oṣù kẹwàá, nígbà tí kòkó ń pọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, alágbàṣe di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ. Ta ni ó jàre? Kòkó tí ó ti pọ́n kì í dúró gbọ́ ẹjọ́. Bí a kò bá ká a, yóò jẹrà lórí igi, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú yóò sì máa ràn láti orí ọ̀kan dé òmíràn nínú ọ̀rinrin òjò. Olóko pàdánù kòkó. Alágbàṣe pàdánù owó iṣẹ́ oṣù púpọ̀.

Àwọn àgbà ìgbàanì mọ ewu yìí. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà, èyí tí òfin ti fi òpin sí láti ìgbà pípẹ́. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ dípò èlé owó tí ó yá, ìnira sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ Johnson fi hàn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: ó lè máa gbé ilé ara rẹ̀, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ebè ni a sì fi ń wọn iṣẹ́ tí ó jẹ olówó. Bí iye ebè náà bá ti pé, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. Bí ajigbèsè bá ní ààlà iṣẹ́, mélòómélòó ni ẹni tí ó ń fi òógùn ojú rẹ̀ wá owó!

Nítorí náà, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, kí àwọn méjèèjì jókòó níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí nǹkan márùn-ún: oko wo àti iṣẹ́ wo, àkókò iṣẹ́ àti ti ìsinmi, ẹni tí yóò pèsè oúnjẹ àti ilé, iye owó àti ọjọ́ tí a ó san án, àti ohun tí a ó ṣe bí àìsàn bá dé. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé méjì, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan. Èyí tilẹ̀ yẹ jùlọ bí alágbàṣe bá ti ilẹ̀ Ebira, Àgátú tàbí Tógò wá, nítorí àṣà yàtọ̀ sí àṣà, èdè sì lè ṣì wọ́n gbọ́.

Bí iṣẹ́ mìíràn bá yọjú, kí a fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má baà di ìkùnsínú. Alágbàṣe lè wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Oko kòkó ni a jọ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n lọ sí oko àna yín, ẹ jẹ́ kí a sọ ọjọ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀.” Olóko tí ó gbọ́n yóò dáhùn pé, “O ṣeun, ọmọ mi, tí o kò fi í sínú.” Èyí kì í ṣe àfojúdi, nítorí ká wí fún ni kí á tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni.

Ààlà kan wà tí owó kò gbọdọ̀ yẹ̀, èyí ni ti ìlera. Májèlé ni oògùn tí a ń fín sí kòkó. A máa gba imú àti awọ ara wọ inú ènìyàn. Bí kò bá sí ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tí ó bo gbogbo ara, alágbàṣe ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, olóko kò sì gbọdọ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí ó wẹ̀, kí ó sì fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ìjà bá sì ti dé, kí a kọ́kọ́ fi àdá sílẹ̀. Kí a má ṣe jà níwájú ọmọ tàbí àlejò, kí a má sì fa ọ̀rọ̀ èṣí wọ inú ti òní. Kí a pe ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó jẹ̀bi, kí ó gbà. Ẹni tí ó jàre, kí ó má ṣe fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọn kò bá lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ mọ́, kí a ṣírò iṣẹ́ tí a ti ṣe, kí a san owó rẹ̀, kí wọ́n sì dágbére fún ara wọn. Alágbàṣe tí a bá san owó rẹ̀ pé yóò ròyìn olóko náà ní rere fún ẹlòmíràn, òṣìṣẹ́ kì yóò sì wọ́n ọn nígbà ìkórè tí ń bọ̀.